Ta Ni Yóò Kọ́ Fóònù Ní Owé?

Ọ̀dọ́kùnrin kan kọ̀wé láti Kabba ní ìpínlẹ̀ Kogi. Ó ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, ṣùgbọ́n fóònù ló ń tún ṣe jẹun báyìí. Ó ní ọ̀pọ̀ fóònù tí wọ́n ń gbé wá sí ìsọ̀ òun kò bàjẹ́ rárá, ẹni tó ni ín ni kò mọ bó ṣe máa lò ó. Àwọn àgbà a sọ̀rọ̀ sí i ní Owé, ẹ̀ka èdè Yorùbá tí wọ́n ń sọ ní Kabba, fóònù a kọ ìsọkúsọ. Ìbéèrè rẹ̀ rèé: "Ǹjẹ́ iṣẹ́ wà nínú kí èèyàn máa wádìí ìdí tí ẹ̀rọ AI kò fi rọrùn lò fún irú àwọn èèyàn yìí? Tó bá wà, ṣé ó dìgbà tí mo bá di ọ̀gá nínú ìṣirò, tí mo sì kúrò nílé, kí n tó lè bẹ̀rẹ̀?"

Iṣẹ́ wà, ó sì ti pẹ́ tó ti wà. HCI ni àwọn onímọ̀ ń pè é, ìyẹn ìwádìí sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ènìyàn àti kọ̀ǹpútà. Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ a béèrè bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Aṣèwádìí HCI a béèrè pé: lọ́wọ́ ta ni? Níbi tí iná ti ń ṣe ségesège ńkọ́? Bí ẹ̀rọ bá sì ṣì í sọ, ṣé ẹni tó ń lò ó yóò mọ̀?

Ẹ jẹ́ kí á fi ẹ̀gẹ́ ṣàlàyé, nítorí oko ẹ̀gẹ́ kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni ní Kabba. Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà n'Íbàdàn láti 1967, jọ ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ PlantVillage Nuru. Àgbẹ̀ á na kámẹ́rà fóònù sí ewé ẹ̀gẹ́, áàpù á sọ àrùn tó ń ṣe é, láìlo íntánẹ́ẹ̀tì. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2020, Nuru mọ àrùn náà ní ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la àgbẹ̀ lọ́yẹ̀ mọ̀ ọ́n ní ìdá 40 sí 58. Àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn, 18 sí 31. Bí ìròyìn náà bá dúró síbẹ̀, àwọn oníwèé ìròyìn á pariwo pé ẹ̀rọ ti borí ènìyàn. Ibi tó dùn jù ṣì wà níwájú: nígbà tí wọ́n yẹ ewé mẹ́fà wò lára igi ẹ̀gẹ́ kan, iye náà gòkè dé 74 sí 88.

Kì í ṣe pé wọ́n pààrọ̀ ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Ìṣe ẹni tó di fóònù mú ló yí padà. Ta ló máa wá sọ fún àgbẹ̀ pé ewé kan kò tó? Ìgbà wo ni fóònù máa sọ ọ́, ní èdè wo, kó má baà sú u lábẹ́ oòrùn? Iṣẹ́ tí òǹkàwé yìí ń wá kò ju irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2019, àwọn aṣèwádìí Microsoft gbé ìlànà 18 kalẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ AI; méjì àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ̀rọ jẹ́ kí ènìyàn mọ ohun tí ó lè ṣe, àti bí ó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe tó. Ìkejì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ AI orí fóònù kò tíì pa mọ́. Ńṣe ni wọ́n máa ń fi ìgboyà ṣì í sọ.

Ọ̀ràn Owé le ju ti ewé ẹ̀gẹ́ lọ. Google Translate ti ní Yorùbá láti ìparí 2013, ṣùgbọ́n Yorùbá àjùmọ̀lò ni. Ní 2024, Orevaoghene Ahia, Anuoluwapo Aremu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé àkójọ kan jáde tí wọ́n pè ní YORÙLECT. Wọ́n tọ àwọn elédè lọ sí ìlú wọn, wọ́n gba ọ̀rọ̀ àti ohùn sílẹ̀ ní ẹ̀ka èdè Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ìlàjẹ, wọ́n sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Yorùbá àjùmọ̀lò. Àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n dán wò kọsẹ̀ gan-an nínú àwọn ẹ̀ka èdè náà. Nígbà tí wọ́n fi ohun tí wọ́n kó jọ kọ́ wọn, àṣìgbọ́ wọn dín kù ní nǹkan bí ọ̀rọ̀ 20 nínú 100.

Kò sí Owé nínú àkójọ náà. Kò sí Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú tàbí Ọ̀wọ́rọ̀, àwọn ẹ̀ka èdè mìíràn ní agbègbè Kabba tí à ń pè ní ilẹ̀ Okun. Ẹni tó bá ń wá àkọlé PhD ní ilẹ̀ Okun, àlàfo rèé.

Ní ti ìṣirò, ó wúlò, pàápàá èyí tí a fi ń mọ̀ bóyá èsì ìwádìí kàn ṣe kòńgẹ́ ni. Ṣùgbọ́n òye bí a ṣe ń wo ènìyàn, tí a sì ń bi í léèrè láìti ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu, wúlò tó bẹ́ẹ̀. Kò sì dìgbà tí ènìyàn bá di ọ̀gá kó tó bẹ̀rẹ̀: Rita Orji, ọmọ ìpínlẹ̀ Enugu, kò tíì lo kọ̀ǹpútà rí kí ó tó wọ Yunifásítì Nnamdi Azikiwe ní Awka láti ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ó gba másítà ní Tọ́kì, ó gba PhD ní Yunifásítì Saskatchewan ní Kánádà, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Dalhousie níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti yí ìwà padà, bíi kí wọ́n máa jẹ oúnjẹ tó ṣara lóore, ló ń wádìí. Ìwádìí rẹ̀ fi hàn pé ọgbọ́n tó ń ti ẹnìkan síwájú lè lé ẹlòmíì sá: ìdíje ń wú àwọn kan lórí, ó ń sú àwọn mìíràn.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kò gba kí ọ̀dọ́kùnrin wa kúrò nílé. Kí ó kó gbólóhùn díẹ̀ jọ, kí àwọn tó bá gbà tinútinú sọ ọ́ sí fóònù ní Yorùbá àjùmọ̀lò, kí wọ́n tún sọ ọ́ ní Owé, kí ó sì ka iye ọ̀rọ̀ tí fóònù ṣì gbọ́. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ohun tí wọ́n ṣe: ṣé wọ́n tún un sọ, ṣé wọ́n yí ohùn padà, àbí wọ́n gbé fóònù sílẹ̀? Kó má ràn wọ́n lọ́wọ́ o! Ìyẹn ló máa le jù fún atúnfóònùṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ àtigba fóònù lọ́wọ́ oníbàárà. Kó sì rántí pé Òfin Ààbò Dátà tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 kan ohùn ènìyàn náà. Kí ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ohùn wọn ṣe ní èdè tó yé wọn, kó sì gbàṣẹ kó tó gbà á sílẹ̀.

Bí ó bá ti ní èyí lọ́wọ́, ó ti ní ohun tó máa fi han ènìyàn. Masakhane, ẹgbẹ́ àwọn aṣèwádìí èdè Áfíríkà, ṣí ilẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láti ibikíbi. Àwọn onímọ̀ HCI ilẹ̀ Áfíríkà pàápàá ti ní àpérò tiwọn, AfriCHI, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Nairobi ní 2016. Kí ó tún ka iṣẹ́ Ọdẹ́túnjí Ọdẹ́jọbí ti yunifásítì Ifẹ̀ àti ti Túndé Adégbọlá, olùdásílẹ̀ Alt-i n'Íbàdàn, lórí kọ̀ǹpútà àti ohùn Yorùbá.

Ní Nàìjíríà, inú ẹ̀ka ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni HCI sábà máa ń wà, nítorí náà, olùkọ́ tó nífẹ̀ẹ́ sí iṣẹ́ náà ni kí ó máa wá, kì í ṣe orúkọ dìgírì. Federal University Lokoja, tí ìjọba dá sílẹ̀ ní 2011, wà nítòsí. Ní ti owó, olùkọ́ tó ti wà ní iléèwé gíga ìjọba ni TETFund, àjọ ìjọba tó ń fowó ran irú iléèwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ń rán lọ kàwé, kì í ṣe gbogbo ayé. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Commonwealth wà fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, PhD nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sábà máa ń ní owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà lóṣooṣù. Másítà ilẹ̀ Amẹ́ríkà kì í sábà ní. Kí ó sì tó san owó fọ́ọ̀mù kankan, kí ó kọ̀wé sí yunifásítì náà ná, nítorí àwọn yunifásítì kan níbẹ̀ a máa yọ̀ǹda owó yẹn fún ẹni tó bá béèrè.