Ìrora Ìbàdí Nínú Oyún

Ìbéèrè: Oyún mi ti pé oṣù méje. Bí mo bá yíra padà lórí ibùsùn tàbí tí mo gun àtẹ̀gùn, ìbàdí àti egungun abẹ́ ikùn mi a máa ro mí gan-an. Ìyá ọkọ mi ní kí n fara dà á. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìnira o, àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní. Oríkèé tó so egungun ìbàdí pọ̀ níwájú àti lẹ́yìn ló ń dùn yín. Ìrora yìí ń ṣe nǹkan bí ẹnì 1 nínú aláboyún 5, kì í sì í pa ọmọ inú lára. Ṣùgbọ́n wíwọ́pọ̀ rẹ̀ kò ní kí ẹ máa jẹ̀rora lásán! Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì níbi àyẹ̀wò aláboyún, kí wọ́n darí yín sọ́dọ̀ àwọn físíò, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ìrora oríkèé.

Nílé, ẹ jókòó wọ pátá, ẹ má fi ẹsẹ̀ kan dúró. Ẹ fi ìrọ̀rí sáàárín orúnkún bí ẹ bá ń sùn. Ọ̀kadà tí a ń la ẹsẹ̀ gùn, ẹ fi sílẹ̀ ná. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, ẹ rán agbẹ̀bí létí, kí wọ́n má fipá la ẹsẹ̀ yín.

Ìrora náà sábà máa ń lọ lẹ́yìn ìbímọ. Bí kò bá lọ, ẹ padà lọ sọ, kódà bí ọmọ bá ti ń rìn. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà tàbí tí ara bá gbóná, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀ ni.