Àkànní, Má Gún Kábúrétọ̀ Náà Lábẹ́rẹ́

Àkànní, wá jókòó síbí. Má dọ̀bálẹ̀ mọ́, o ti kí mi tán. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Wọ́n ní o fẹ́ gbé Vespa mi fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní ẹ tilẹ̀ ti ń nájà á. Ọmọ àbúrò mi, irú ìwà wo nìyẹn? Ẹ̀rọ tí kò ṣẹ́, tí kò jóná, o fẹ́ tà á bí irin lásán nítorí pé o fi ẹsẹ̀ ta á títí, kò dáhùn.

Jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè, kí o sì fún mi lésì bí ọmọlúàbí. Ìgbà wo lo gùn ún kẹ́yìn? Ṣáájú Iléyá ni, àbí? Kérésì sì ti dé tán yìí. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bẹntiróòlù wà nínú táǹkì, ó wà nínú kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, o kò wo ibẹ̀. Bẹntiróòlù kò ṣeé fi pamọ́ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó fúyẹ́ nínú rẹ̀ á bá afẹ́fẹ́ lọ, èyí tó kù á máa pọ́n, á máa ki, títí yóò fi di oje tó ń lẹ̀ mọ́ idẹ. Ti Vespa tún wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọ́ìlì wà nínú bẹntiróòlù tirẹ̀. Bẹntiróòlù á gbẹ, ọ́ìlì á kù sílẹ̀, ihò tó kéré jù lọ nínú kábúrétọ̀ ló sì máa kọ́kọ́ dí.

Ohun tó ṣe é nìyẹn. Kò kú o, ó dí ni. Ohun tó bá dí, fífọ̀ là ń fọ̀ ọ́.

Ṣé o tilẹ̀ mọ ohun tí o fẹ́ gbé tà? Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ilé-iṣẹ́ Piaggio ní Pontedera, nílẹ̀ Ítálì, ti di àlàpà. Bàálù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bọ́ǹbù sì ti wó ilé náà. Enrico Piaggio wá ń wá ẹ̀rọ tí owó mẹ̀kúnnù lè ká. Ó gbé iṣẹ́ náà fún Corradino D'Ascanio, ọkùnrin tó mọ̀ nípa bàálù àti hẹlikọ́pítà, tí kò sì fẹ́ràn alùpùpù rárá, torí pé ó ń da ọ̀rá sí èèyàn láṣọ, táyà rẹ̀ sì ṣòro pààrọ̀. Ohun tí kò fẹ́ yẹn ló fi ṣe ọgbọ́n. Ó bo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ẹ̀yìn, ó yọ ṣéènì kúrò, ó gbé jíà sí ọwọ́, ó sì fi iwájú sílẹ̀ gbayawu kí èèyàn lè jókòó láìgbé ẹsẹ̀ sókè. Ní 1946 ni Vespa àkọ́kọ́ jáde. Vespa PX tí o fẹ́ tà yìí, 1977 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìran tirẹ̀.

Iwájú tó ṣí gbayawu yẹn ló jẹ́ kí èmi, obìnrin tó wọ aṣọ agbẹ̀bí funfun, lè máa gùn ún láti Ìsẹ́yìn lọ sí àwọn abúlé ọ̀nà Òkèhò nígbà tí mọ́tò kì í dé ibẹ̀ lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ tí mo gùn ún lọ gbẹ̀bí wọn ti ń bí ọmọ tiwọn báyìí. Eruku ọ̀nà yẹn ló kọ́ mi ní kábúrétọ̀. Kò sí mẹkáníìkì nínú igbó, aboyún kò sì lè dúró de mẹkáníìkì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí o jókòó.

Èyí tó dùn mí jù ni ti mẹkáníìkì tí o gbé e fún. Ó yọ jẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ohun kékeré oníhò tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀, ó sì ki wáyà irin bọ̀ ọ́, ìwọ náà dúró, o ń wò ó! Àkànní, ṣé bí asẹ́ ògì bá dí, abẹ́rẹ́ la fi ń gún un? Omi la fi ń ṣàn án. Idẹ ni jẹ́ẹ̀tì, idẹ sì rọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló ń sọ bí ihò rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, ní ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà. Bí o bá rí 48 lára èyí tó kéré, ihò náà kò tó ìdajì mílímítà. Wáyà irin kan ṣoṣo lè fẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ojú rẹ rí i, láti ọjọ́ náà lọ á sì máa mu epo ní àmujù, èéfín á máa yọ, púlọ́ọ̀gì á máa dúdú. Pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta lítà kan láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023, ìwọ lo máa fi àpò ara rẹ sanwó wáyà yẹn. Wo nọ́ńbà ara jẹ́ẹ̀tì méjèèjì, ńlá àti kékeré, kí o ra tuntun tó bá a mu. Má jẹ́ kí wọ́n fún ọ ní "èyí náà á ṣe é."

Ẹ̀rọ náà sì ti sọ àìsàn rẹ̀ fún ọ, o kò gbọ́ ni. Bí ó bá ń tan nígbà tí o fa ṣóòkì síta, tó sì ń kú gbàrà tí o bá tì í padà, jẹ́ẹ̀tì kékeré ni, èyí tó ń bọ́ ọ nígbà tó bá ń rọra dún lójú kan. Bí ó bá ń dún dáadáa lójú kan, tó wá ń fà sẹ́yìn nígbà tí o bá fẹ́ kó sáré, wo jẹ́ẹ̀tì ńlá. Bí bẹntiróòlù bá ń kán sílẹ̀, abẹ́rẹ́ tí fúlóòtì, èyí tó ń léfòó sórí epo, ń tì sókè kò pa ẹnu ọ̀nà dé mọ́. Bí o bá sì ta á títí, tí o yọ púlọ́ọ̀gì, tí ó gbẹ gaúngaún, epo kò dé ibẹ̀ rárá. Gbígbẹ ni tìrẹ gbẹ. Mo ní kí àbúrò rẹ yọ ọ́ fún mi láàárọ̀.

Nísinsìnyí, gbọ́ bí o ṣe máa ṣe é. Gbé e jáde sí gbangba. Mo mọ̀ pé oòrùn mú, àmọ́ o kò gbọdọ̀ ṣe é ní pálọ̀. Kí sìgá, sítóòfù tàbí jẹnẹrétọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ má ṣe sí nítòsí. Bí ilẹ̀ bá ṣú tí wọ́n sì mú iná lọ, palẹ̀ mọ́ di ọ̀la. Má tan àbẹ́là. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Yí tápù epo tó wà lábẹ́ ìjókòó kí ó pa. Ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Wàá rí àpótí kékeré kan tí kábúrétọ̀ wà nínú rẹ̀, sukúrúù méjì ló di ìdérí rẹ̀ mú. Kí o tó ṣí i, fi búrọ́ọ̀ṣì àti àkísà nu eruku ara rẹ̀ kúrò, torí pé ohun tó bá já sínú ibẹ̀ lè dé inú ẹ́ńjìnnì. Fílítà ni wàá kọ́kọ́ bá. Yọ ọ́. Abẹ́ rẹ̀ ni orí jẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà, tí wọ́n kọjú sókè. Dell'Orto ló ṣe kábúrétọ̀ náà, ará Ítálì ni àwọn náà, wọ́n sì ro ti ẹni tó máa tún un ṣe. Bí ìdọ̀tí kò bá pọ̀, sukudiráfà tó bá ẹnu jẹ́ẹ̀tì mu ti tó, o kò ní láti tú gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n tìrẹ ti pẹ́ jù, títú ló kàn. Fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ yẹn, ibí ló ti máa wúlò: ya fọ́tò ohun gbogbo kí o tó yọ ọ́. Tú wáyà tó ti ọwọ́ wá, tú ti ṣóòkì, fa rọ́bà epo kúrò, kí o wá tú bóòtù gígùn méjì tó de kábúrétọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí o bá ti gbé e kúrò, fi aṣọ mímọ́ dí ihò tó kù sílẹ̀. Bí nọ́ọ̀tì kan bá já wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ti di méjì nìyẹn.

Tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí o má bàa máa wá nǹkan kékeré nínú iyẹ̀pẹ̀. Jẹ́ẹ̀tì ńlá kì í ṣe ẹyọ kan. Mẹ́ta ni wọ́n ki bọ ara wọn: èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ lókè, ọ̀pá oníhò wẹ́wẹ́ láàárín, jẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀. Rọra fà wọ́n yà. Ṣí ibi tí rọ́bà epo ti wọlé, asẹ́ kékeré kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì kì í rántí, kí o yọ òun náà. Ṣí ìdérí fúlóòtì, kí o yọ fúlóòtì àti abẹ́rẹ́ rẹ̀. Ní ti sukúrúù kékeré ẹ̀yìn tó ń wọn epo mọ́ afẹ́fẹ́, kọ́kọ́ yí i wọlé díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi dúró, kí o máa ka iye ìgbà tó yí, kí o kọ ọ́ sílẹ̀, kí o tó yọ ọ́. Iye yẹn náà lo máa fi dá a padà.

Ra oògùn ìfọ-kábúrétọ̀ inú agolo. Wàá rí i ní Agódì Géètì bí o bá ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Fọ́n ọn sínú gbogbo ihò, kí o jẹ́ kí ó wọ oje náà lára, kí o tún fọ́n ọn. Má jẹ́ kí ó kan ohun tó jẹ́ rọ́bà tàbí ike, ẹnu abẹ́rẹ́ fúlóòtì ní pàtàkì, torí pé ó lè bà á jẹ́. Bẹntiróòlù mímọ́ ni kí o fi nu ìwọ̀nyẹn. Lẹ́yìn náà, gbé gbogbo rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ fọgánáísà, kí ó fi afẹ́fẹ́ rẹ̀ fẹ́ ihò kọ̀ọ̀kan. Má gbàgbé àwọn ihò tó wà nínú ara kábúrétọ̀ fúnra rẹ̀. Gbé jẹ́ẹ̀tì sókè kí o wò ó sí ojú ọ̀run. Bí ìmọ́lẹ̀ kò bá yọ ní roboto, tún un fọ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Bí o bá ń tò ó padà, gásíkẹ̀tì tuntun ni kí o lò. Àwọn bóòtù gígùn méjì yẹn, má fi agbára ọ̀dọ́ dè wọ́n. Ẹni tó bá dè wọ́n le jù á mú kí ara kábúrétọ̀ tẹ̀, afẹ́fẹ́ á máa gba ibi tí kò yẹ wọlé, wàá sì tún máa bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀ ọ́.

Má sì fi kábúrétọ̀ mímọ́ sí abẹ́ táǹkì tó dọ̀tí. Da epo àtijọ́ nù síbi tí kò ti ní bá kànga tàbí iná pàdé, kí o fi tọ́ọ̀ṣì wo inú táǹkì. Bí ìpẹtà bá wà níbẹ̀, fọ̀ ọ́ kúrò. Rọ́bà epo tó ti gan, pààrọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà, po epo tuntun. Tèmi kò ní ibi tí wọ́n ń bu ọ́ìlì sí lọ́tọ̀, nítorí náà 2% ni: 20 mílílítà ọ́ìlì ẹ̀rọ tú-sítíróòkì sí lítà bẹntiróòlù kan. Bí o bá ra lítà 8, ọ́ìlì rẹ̀ jẹ́ mílílítà 160. Fi ife tó ní ìlà wọ̀n ọ́n, má fi ojú dá a. Bí ó bá kéré jù, písítìnnì á jó gbẹ. Bí ó bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dọ̀tí. Ilé epo ni kí o ti ra bẹntiróòlù, má ra ti inú kẹ́ẹ̀gì ẹ̀bá títì tí omi wà nínú rẹ̀.

Ṣí tápù, dúró díẹ̀ kí ibi fúlóòtì kún, kí o wò ó bóyá ó ń jò. Bí kò bá jò, fa ṣóòkì, kí o ta á. Èéfín máa pọ̀ níbẹ̀rẹ̀, torí ọ́ìlì tó ti sùn sínú rẹ̀. Má bẹ̀rù, á mọ́.

Láti ìsinsìnyí lọ, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, gùn ún dé ọjà, kí o gùn ún padà. Bí o bá máa rìnrìn-àjò tó pẹ́, pa tápù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, jẹ́ kí ó jó epo inú kábúrétọ̀ tán kí ó fúnra rẹ̀ kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí o máa ṣe jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní I-Better-Pass-My-Neighbour, èyí tí o gbé jù sí ẹ̀yìnkùlé. Bẹntiróòlù tí a pò mọ́ ọ́ìlì lòun náà ń mu, àìsàn kan náà ló sì ń ṣe é. Tún òun náà ṣe nígbà tí o bá ti parí eléyìí.

Owó gásíkẹ̀tì àti jẹ́ẹ̀tì nìyí. Má sọ pé rárá, gbà á. Mi ò fún ọ ní ẹ̀rọ yìí torí pé mi ò mọ ẹni tó lè rà á. Mo fún ọ torí pé láàárín gbogbo ẹ̀yin ọmọ, ìwọ lo máa ń jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń tú u, tí o máa ń bi mí pé kí ni tibí, kí ni tọ̀hún. Ọmọ tó ń béèrè yẹn ṣì wà nínú rẹ, mo mọ̀. Lọ pe ẹni tó fẹ́ ra irin, kí o sọ fún un pé ọjà ti tú. Bí o bá sì ti tún un ṣe tán, má fi fóònù pè mí pé ó ti tan. Dé akoto, kí o gùn ún wá síbí, kí èmi fúnra mi gbọ́ ọ.