Wọ́n ní kí n wá rí tíṣà ọmọ mi: kí ni mo fẹ́ lọ sọ?

ÌBÉÈRÈ

Oúnjẹ ni mò ń tà nítòsí ọjà Boundary, l'Ájégúnlẹ̀, l'Ékòó. Tírélà ni ọkọ mi ń wà. Nígbà mìíràn ó lè lo ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin níta kó tó wọ èbúté Tin Can. Ọmọ wa àgbà, ọkùnrin, wà ní JSS 2 nílé ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní pírámárì, ipò kẹrin, ipò karùn-ún ló máa ń ṣe. Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, ipò 41 ni wọ́n kọ síwájú orúkọ rẹ̀. Ó mú ìwé wálé pé kí òbí wá rí àwọn tíṣà ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Mi ò lọ rí. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, òyìnbó mi ò dán mọ́rán. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ bu owó lé mi lórí, tàbí kí wọ́n dójú tì mí lójú ọmọ mi. Aládùúgbò mi ní mítìn PTA tí mo ń lọ ti tó. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀ gan-an, kí sì ni kí n bi wọ́n?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Ajégúnlẹ̀

ÌDÁHÙN

Ẹ lọ, ìyá wa. Kí n tó sọ nǹkan mìíràn, ẹ lọ. Mo pẹ́ nínú kíláàsì JSS l'Ékòó kí n tó fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan ṣoṣo nínú tẹ́ẹ̀mù tí òbí kò gbọdọ̀ pa jẹ, ọjọ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé yín yẹn ni.

Ọ̀tọ̀ ni mítìn PTA, tàbí Parents' Forum bí wọ́n ṣe ń pè é ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìjọba Èkó. Níbẹ̀, gbogbo òbí ló máa kó sínú gbọ̀ngàn kan. Alága á sọ̀rọ̀, akápò á ka owó, wọ́n á jiyàn lórí fẹ́ǹsì, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti owó ọlọ́dẹ. Ó wúlò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa dárúkọ ọmọ yín. Lọ́jọ́ tí wọ́n pè yín yìí, tí àwọn mìíràn ń pè ní Open Day, ọ̀rọ̀ ọmọ yín nìkan ló máa wà nílẹ̀, láàárín ẹ̀yin àti tíṣà.

Ẹ rántí bó ṣe rí ní pírámárì. Tíṣà kan ló ń kọ́ ọ láti àárọ̀ títí wọ́n á fi jáde. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó. Ní JSS, tíṣà tó lé ní mẹ́wàá ló ń wọlé tó ń jáde: ti ìṣirò, ti Gẹ̀ẹ́sì, ti sáyẹ́ǹsì, ti Business Studies, ti Yorùbá. Agogo á lù, wọ́n á gba kíláàsì mìíràn lọ. Láàárín wọn, ọmọ tó ti ń mókè lè bẹ̀rẹ̀ sí í rì, kí kálukú sì rò pé sọ́bújẹ́ẹ̀tì tòun nìkan ni kò yé e. Nítorí náà, tíṣà kíláàsì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Òun ló ń mákì rẹ́jísítà, ọwọ́ rẹ̀ sì ni máàkì gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì ń pàdé sí. Bó bá jẹ́ ọgbà ilé ẹ̀kọ́ Tolu lọmọ yín wà, ẹ wo orúkọ tó wà lára báàjì rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ nínú ọgbà yẹn. Junior ní ọ̀gá àgbà tirẹ̀, senior náà ní tirẹ̀.

Ní ti owó, ẹ fọkàn balẹ̀. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ pé ọ̀fẹ́ ni ẹ̀kọ́ nílé ẹ̀kọ́ ìjọba láti pírámárì títí dé JSS 3. Ẹni tó bá gba owó ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ òbí lè san ìtanràn ₦10,000 tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n bá dárúkọ owó tí àwọn òbí fúnra wọn fẹnu kò lé lórí, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀, kí wọ́n sì já rìsíìtì. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ owó gba ipò ọ̀rọ̀ ọmọ.

Ní ti òyìnbó, Ajégúnlẹ̀ lẹ wà. Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ̀, Urhobo, Ìlàjẹ àti Haúsá ló jọ ń gbé ibẹ̀, Píjìn ni wọ́n sì fi ń ra tí wọ́n fi ń tà. Tíṣà tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gbọ́ ọ. Ẹ sọ Yorùbá, ẹ sọ Píjìn. Bí wọ́n bá ń sọ òyìnbó tó jinlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n sọ ọ́ kó yé yín. Ohun tí mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín ni pé kẹ́ ẹ má jẹ́ kọ́mọ yín ṣe ògbufọ̀. Ọdún kan báyìí, ìyá kan tó ń sọ Urhobo wá sídìí tábìlì mi. Mo fi òyìnbó sọ̀rọ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún: ọmọbìnrin rẹ̀ kò fi iṣẹ́ àṣetiléwá sílẹ̀ láti ìdajì tẹ́ẹ̀mù, ìṣirò ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá. Ọmọ náà yíjú sí ìyá rẹ̀, ó sọ gbólóhùn méjì. Ojú ìyá tàn, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọwọ́ mi mú, ó ń dúpẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ mi kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo wo ìlà àwọn òbí tó kù lẹ́yìn rẹ̀, mo sì dákẹ́. Ọmọ yẹn tún JSS 2 kà. Ó ṣì ń dùn mí títí dòní.

Lálẹ́ Ọjọ́rú, tí ẹ bá ti kó ìsọ̀ tán, ẹ ní kí ọmọ kó gbogbo ìwé rẹ̀ sórí tábìlì. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá gbọ́ òyìnbó kẹ́ ẹ tó kà wọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sókè ojú ewé ni kẹ́ ẹ wò, àti bírò pupa. Ẹ wá ibi tí bírò pupa ti dáwọ́ dúró. Bó bá jẹ́ pé nínú ìwé ìṣirò, ó pupa dáadáa títí dé ìparí oṣù kẹwàá, tí gbogbo rẹ̀ wá di búlúù látìgbà náà, ọmọ yín ti ń kọ iṣẹ́ tí kò gbé fún ẹnikẹ́ni. Ó sì lè jẹ́ tíṣà ni kò mákì. Ìyẹn náà, ẹ bèèrè, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Bí gbogbo ìwé bá ní Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀ tí kò sí Ọjọ́ Ẹtì níbì kankan, ẹ ní kí tíṣà kíláàsì ṣí rẹ́jísítà. Ó lè jẹ́ bọ́ọ̀lù ló ń sá lọ gbá: pápá Maracana kò jìnnà. Mi ò sọ pé bọ́ọ̀lù burú: Odion Ighalo tó dé Manchester United lọ́dún 2020, ọmọ Ajégúnlẹ̀ ni, orí pápá yẹn ló ti gbá a ní kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí Ọjọ́ Ẹtì ń lọ.

Ipò 41 yẹn, nínú ọmọ mélòó? Ẹ kò sọ fún mi, bóyá wọn ò sì sọ fún yín. 41 nínú ọmọ 45 àti 41 nínú ọmọ 100 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹ fi ipò sílẹ̀, kẹ́ ẹ wo bí máàkì ṣe pín. Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, 40 ni ti tẹ́ẹ̀sì àti iṣẹ́ àṣetiléwá, 60 ni ti ìdánwò. Ọmọ tó gba 8 nínú 40, tó wá gba 38 nínú 60, orí rẹ̀ pé; iṣẹ́ ni kì í fi sílẹ̀. Èyí tó gba 33 nínú 40 tó wá gba 14 nínú 60, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìwé ẹlòmíràn ló ń wò kọ, tàbí kí àyà rẹ̀ máa já lọ́jọ́ ìdánwò. Ìtọ́jú wọn kò jọra. Ẹ ní kí tíṣà fi ìka tọ́ka sí ìlà orúkọ ọmọ yín, kó ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ òbí kì í mọ̀ ni pé tíṣà náà ń dúró de ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Ta ló ń pọnmi ìsọ̀ yín láàárọ̀? Ta ló ń fọ ìkòkò lálẹ́? Bó bá jẹ́ òun ni, ẹ sọ ọ́, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Tíṣà ti rí i tó ń sùn nídìí ìwé, ó sì ti lè kà á kún ọ̀lẹ. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ ń lọ kí bàbá tó wálé. Bọ́mọ yín bá ti ga lọ́dún yìí, ẹ bèèrè ibi tó ń jókòó. Ọmọ tó bá ga, ẹ̀yìn ni wọ́n ń gbé e lọ, bí ojú rẹ̀ kò bá sì rí pátákó dáadáa, kò ní sọ. Mo ti rí ọmọ tí gbogbo wa pè ní olódo, kí wọ́n tó gbé e wá síwájú.

Ẹ má dìde níbẹ̀ láìfẹnu kò sí nǹkan kan, ọ̀kan péré. Ó lè jẹ́ pé tíṣà ìṣirò á máa fọwọ́ síwèé iṣẹ́ àṣetiléwá, ẹ̀yin náà á fọwọ́ sí i lálẹ́, fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ gba nọ́ńbà fóònù tíṣà kíláàsì, kẹ́ ẹ sì dá ọjọ́ tẹ́ ẹ máa pè é. Bí bàbá wọn bá wà lórí ìlà tó ń retí kí wọ́n pè é wọ Tin Can, ẹ pè é láti ọ̀dọ̀ tíṣà, kẹ́ ẹ gbé ohùn fóònù sókè kó kí tíṣà. Ọmọ tó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ nínú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kò ní tètè gbàgbé.

Tẹ́ ẹ bá délé, mo bẹ̀ yín, ẹ má nà án. Ohun tí tíṣà sọ tó dára, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún un, kó tó kan èyí tó kù.

Aago mẹ́wàá kì í ṣe àkókò tí oníbàárà ọ̀sán ń dé. Ẹ fi ẹnìkan ti ìsọ̀ títí di aago méjìlá. Bí Ọjọ́bọ̀ kò bá ṣeé ṣe rárá, ẹ fi ìwé rán ọmọ sí tíṣà kíláàsì kí ọjọ́ tó pé, kó yan ọjọ́ mìíràn fún yín. Kẹ́ ẹ sì kọ̀wé sí mi padà, kí n gbọ́ iye ọmọ tó wà ní kíláàsì náà àti ibi tí bírò pupa ti dáwọ́ dúró.