Sáà Tí Ẹ Fò, Yóò Dúró Dè Yín Níwájú

Ìyìn kan tó ń lọ káàkiri Ìjàgbò, títí dé Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, ló mú mi gbé bírò. Wọ́n ń yin ọmọkùnrin kan tí kò tíì gbá sáà kan parí nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan. Wọ́n ní ó gbọ́n, wọ́n ní kò fi ìgbà ṣòfò, nítorí pé bàbá rẹ̀ ta ilẹ̀, wọ́n kó owó fún ejẹ́ǹtì, ó sì ti wọkọ̀ òfurufú lọ dán ara rẹ̀ wò nílùú òyìnbó. A kò tíì gbọ́ pé ẹgbẹ́ kan gbà á. Síbẹ̀, àwọn ojúgbà rẹ̀ ti ń bi àwọn òbí tiwọn pé ilẹ̀ wo ló kù tí a lè tà. Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ agbábọ́ọ̀lù, n kò ní kọ́ yín bí a ṣe ń fi àyà gba bọ́ọ̀lù, tàbí bí a ṣe ń fi ẹsẹ̀ òsì gbá a sáwọ̀n. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo tí ẹ ń fò ni mo fẹ́ sọ: sáà kan, ó kéré tán, tí ẹ óò gbá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láàárín àwọn àgbàlagbà, nínú ìdíje tí wọ́n ń ka èsì rẹ̀, kí ẹ tó béèrè ọ̀nà ibi tó ga jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀dọ̀ ara wa ná. Ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yún kan náà ni Ìjàgbò àti Ìrá wà. Ọmọ Ìrá ni Rashidi Yekini, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963. Ohun tí gbogbo yín rántí ni ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kẹfà 1994, ní Dallas, nígbà tó gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà ní nínú Ife Àgbáyé wọlé Bulgaria, tó sì di àwọ̀n mú. Ohun tí ẹ kì í béèrè ni ibi tó ti ń bọ̀. Ó gbá fún UNTL ní Kàdúná, ó gbá fún Shooting Stars ní Ìbàdàn, ibẹ̀ ló sì wà ní 1984 tí ẹgbẹ́ náà dé àṣekágbá ìdíje àwọn akọni Áfíríkà, tí Zamalek ti Íjíbítì nà wọ́n. Ó kọjá sí Abiola Babes ní Abẹ́òkúta, ó tún kọjá sí Africa Sports ní Abidjan. Nígbà tó fi máa dé Vitória de Setúbal ní Pọtogí ní 1990, ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ń lọ. Ẹgbẹ́ náà já sí ìpele kejì, kò sì sá fún un: góòlù 34 ló gbá wọlé níbẹ̀ ní sáà 1992 sí 1993, wọ́n fi padà sókè. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ó gbá 21 wọlé, kò sì sí ẹni tó tó o ní gbogbo ìpele àkọ́kọ́ Pọtogí. Òun ni wọ́n fi joyè agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà tó pegedé jùlọ ní 1993, ọmọ Nàìjíríà kankan kò gbà á rí ṣáájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ sáà ló ti gbá nílẹ̀ Áfíríkà kí Yúróòpù tó mọ orúkọ rẹ̀.

Kí ni sáà kan ń kọ́ni tí pápá ìdánrawò kò lè kọ́ni? Níbi ìdánrawò, bí o bá tàsé, bọ́ọ̀lù mìíràn ń bọ̀. Nínú ìdíje, bí o bá tàsé ní ìṣẹ́jú kẹwàá, o máa ru àṣìṣe yẹn fún ọgọ́rin ìṣẹ́jú, tí àwọn olùwòran yóò máa fi orúkọ ìyá rẹ pè ọ́. Ẹni ọgbọ̀n ọdún tó ń ṣọ́ ọ yóò fa aṣọ rẹ nígbà tí réfírì bá yíjú sẹ́yìn. Ó mọ ibi tí igúnpá ń dùn jù. Lẹ́yìn ìdíje ogún, orúnkún yóò máa ké, kóòṣì tí kò fẹ́ràn rẹ yóò fi ọ́ sórí bẹ́ńṣì, ọ̀sán ọjọ́ kejì o tún gbọ́dọ̀ wá ṣeré bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Atamátàsé kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró sí kí bọ́ọ̀lù tó dé nítorí pé wọ́n sọ fún un. Ó mọ̀ ọ́n nítorí pé ó ti dúró síbi tí kò yẹ ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá Ọ̀fà, ìlú tí ìjàkadì ti jẹ́ orò, kò yẹ kí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ fún wa pé ẹni tí wọn kò dá rí kò tíì mọ ìjàkadì.

Mo mọ ohun tí ẹ óò fi dá mi lóhùn. Ẹ óò ní, Taiwo Awoniyi ńkọ́, tí wọ́n bí sí Ìlọrin, ní ìpínlẹ̀ wa níbí, ní 1997? Ó wà nínú àwọn tó gba Ife Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2013. Ní 2015 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18, Liverpool rà á. Sáà wo ló gbá nílé kó tó lọ? Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Awoniyi kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Liverpool. Kò rí ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ń yá a kiri: FSV Frankfurt ní Jámánì, NEC ní Nẹ́dálándì, Mouscron ní Bẹ́ljíọ̀mù, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kejì, Mainz, Union Berlin. Ìgbà méje ni wọ́n yá a láàárín ọdún mẹ́fà. Ní Mainz, góòlù kan péré ló gbá wọlé ní líìgì. Nígbà tí Union wá rà á pátápátá ní 2021, ó gbá 15 wọlé ní Bundesliga ní sáà kan. Nottingham Forest rà á ní 2022. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn tó pé ọdún 25 ló gbá góòlù tí wọ́n fi na West Ham, góòlù rẹ̀ sí Arsenal ní oṣù Karùn-ún 2023 ló sì fi ọkàn Forest balẹ̀ pé wọn kò ní já. Ta ló ní ó fo ìgbésẹ̀ yẹn? Ó lọ gbé e níbi òtútù, láàárín èdè tí kò gbọ́, jìnnà sí ẹbí. Ẹ lè yan ibi tí ẹ óò ti gbá sáà yín. Ẹ kò lè yàn láti má gbá a.

Àwọn kan yóò ní ọjọ́ ayé agbábọ́ọ̀lù kúrú, wọ́n á sì ní líìgì wa kò dára: owó oṣù ń pẹ́, pápá le bí òkúta. Òótọ́ ni, n kò ní bò ó. Ṣùgbọ́n òfin FIFA fúnra rẹ̀ kò gbà kí wọ́n gbé ọmọ tí kò tíì pé 18 lọ sí ẹgbẹ́ òkè òkun, àfi ní ọ̀nà díẹ̀ tó ṣọ̀wọ́n. Àwọn ọdún tí ẹ ń pè ní ìgbà ìfiṣòfò yìí, kò síbi tí ẹ lè tà wọ́n sí. Bí wọ́n bá sì wá rà yín kúrò lábẹ́ àdéhùn lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà ni FIFA ní kí wọ́n pín fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ yín láti ọdún 12 dé 23. Ẹgbẹ́ tí kò kọ orúkọ yín sílẹ̀ kò ní rí kọ́bọ̀, pápá tí ẹ fi ẹsẹ̀ lásán sá lórí rẹ̀ kò sì ní dára sí i fún àbúrò yín. Sáà nílé tún ń fún ni láàyè láti kàwé: Seyi Olofinjana, tó gbá fún Kwara United kó tó di ará Wolves ní 2004, kẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ kẹ́míkà ní LAUTECH, Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹni ọdún 30 ni Yekini nígbà tó di àwọ̀n mú ní Dallas.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ẹ̀yin òbí náà ni mò ń bá wí. Sáà tí mò ń sọ yìí kì í ṣeé gbá bí ilé kò bá ní sùúrù. Ilẹ̀ tí bàbá tà ti di gbèsè tí ọmọ gbé wọ pápá, ẹni tó ń bẹ̀rù àtipadà sílé kò sì lè gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ejẹ́ǹtì tòótọ́, inú owó tí iṣẹ́ bá mú wá ló ti ń gba tirẹ̀. Láti 2023, ó sì gbọ́dọ̀ yege ìdánwò FIFA kó tó gba ìwé àṣẹ. Ẹni tó ń béèrè owó ilẹ̀, ẹ bi í léèrè ìwé yẹn níwájú ẹbí. Iṣẹ́ ẹbí kò sì parí sí ọjọ́ tí ọmọ bá lókìkí. Yekini gbá góòlù 37 wọlé fún Nàìjíríà. Nígbẹ̀yìn ayé rẹ̀, ó ti ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò láwùjọ ní Ìbàdàn. Ó kú ní ọjọ́ kẹrin oṣù Karùn-ún 2012, ẹni ọdún 48, Ìrá ni wọ́n sì gbé e wá sin. Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ́ òkú ọmọ nìkan ni ilé yóò gbà padà.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlépa tó ga kò burú, n kò ní kí ẹnikẹ́ni rọra lá àlá. Ẹ wá ẹgbẹ́ tí yóò fi yín sórí pápá, kódà kó jẹ́ ẹgbẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kọjá Ọ̀fà. Ẹ gbá sáà kan tán níbẹ̀, kí ẹ sì kọ iye ìdíje, iye ìṣẹ́jú àti iye góòlù sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe ẹbí jókòó, kí ẹ tó pe ejẹ́ǹtì. Ẹni tí kò bá lè ṣe èyí, kó fi ilẹ̀ bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún àgbàdo.