Ọ̀rọ̀ Pọ́n-na Lọ́dọ̀ Rewáyà: Àtúnṣe Ọkọ̀ Oníná tí Ó Forí Gbárí

Ìfáárà

Láti ọdún 1978 tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni Mowe àti Ibafo, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ti wà lójú ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í dá lórí rẹ̀ tọ̀sán tòru. Ibi tí ọkọ̀ bá sì pọ̀ sí, ìforígbárí kì í ṣàì wà níbẹ̀. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà, wẹ́dà, rewáyà àti pẹ́ńtà ni wọ́n ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Ojú ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, òòlù ni wọ́n fi ń nà án, gáàsì ni wọ́n fi ń jó o. Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn nìyí: bí ọkọ̀ oníná bá forí gbárí, kí ló dé tí àtúnṣe rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é kọjá? Kí sì ni ó kan àwa tí à ń kọ́ ìmọ̀ èdè Yorùbá nínú rẹ̀?

Ohun tí Ó Yàtọ̀ Nínú Ọkọ̀ Oníná

Ọkọ̀ oníná kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkè òkun nìkan mọ́. Ní ọdún 2020 ni ilé iṣẹ́ Stallion fi Hyundai Kona tí kì í mu epo rárá hàn ní Èkó. Láti ìgbà tí ìjọba sì ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń ro ti irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Bátìrì ọkọ̀ elépo kò ju volt 12 lọ. Ti ọkọ̀ oníná tẹ́ pẹrẹsẹ sí abẹ́ ọkọ̀. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó volt 300 sí 400, ti àwọn mìíràn sì tó 800. Èyí lè pa ènìyàn. Síbẹ̀, ọkọ̀ kan náà ṣì ní bátìrì kékeré olóvolt 12 tí ó ń bójú tó rédíò àti iná iwájú. Wáyà olómi ọsàn ni wọ́n fi ń ṣe àmì ibi tí agbára ńlá náà ń gbà.

Bí nǹkan bá gbá abẹ́ ọkọ̀, ara rẹ̀ lè dán lókè kí bátìrì ti bàjẹ́ nísàlẹ̀. Bátìrì tí ó fara gbọgbẹ́ lè gbiná lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, ó sì lè tó ọjọ́ mélòó kan. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Nítorí náà ni wọ́n fi ń gbà wá nímọ̀ràn pé kí á gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sí gbangba, kí ó fi nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 50 jìnnà sí ilé àti sí ọkọ̀ mìíràn.

Ìdí tí A Fi Ń Gba Ọ̀dọ̀ Ilé Iṣẹ́ Lọ

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ ni ó mọ ibi tí ó fi iná pamọ́ sí.

Èkíní, orí ọkọ̀ akẹ́rù ni kí wọ́n gbé e sí, kí wọ́n má ṣe fi okùn wọ́ ọ, nítorí pé bí táyà bá ń yí, mọ́tò inú rẹ̀ lè máa ṣe iná. Èkejì, kí aṣojú ilé iṣẹ́ fi kọ̀ǹpútà ka ohun tí ọkọ̀ náà ń sọ, kí ó sì wò bóyá iná ń jò sára irin ọkọ̀. Ẹ̀kẹta, ìwé ilé iṣẹ́ ni yóò sọ ibi tí a lè gé, ibi tí a lè jó, àti bí ooru yóò ti tó nígbà tí a bá ń kun ún. Ẹ̀kẹrin, nọ́ńbà ṣáṣí ni wọ́n fi ń wá ẹ̀yà tí ó bá a mu gan-an. Lẹ́yìn gbogbo èyí, pánẹ́ẹ̀lì-bítà tí ó mọṣẹ́ ṣì lè na ilẹ̀kùn àti fẹ́ńdà rẹ̀.

Ní ti owó, kí oníọkọ̀ rántí pé àbùkù tí ó ti ilé iṣẹ́ wá ni wáráńtì wà fún, kì í ṣe ìforígbárí. Ìnṣọ́ránsì ni ó wà fún èyí. Ní ọdún 2023 ni àjọ NAICOM sọ owó ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ di ₦15,000, tí ohun tí a bá bà jẹ́ fún ẹlòmíràn kò sì gbọdọ̀ ju mílíọ̀nù 3 náírà lọ. Bátìrì ńlá kan ṣoṣo lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìnṣọ́ránsì ẹni kẹta kì í sì í tún ọkọ̀ tiwa ṣe rárá.

Ibi tí Èdè Ti Wọ̀ Ọ́

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tí a lè gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́:

Ọ̀gá: Ṣé o ti yọ bátìrì?
Ọmọṣẹ́: Mo ti yọ ọ́, ọ̀gá. Iná ti kú.

Nínú ọkọ̀ elépo, òótọ́ ni. Nínú ọkọ̀ oníná, gbólóhùn méjèèjì ni ó ní pọ́n-na. Bátìrì lè jẹ́ kékeré, ó sì lè jẹ́ ńlá. Bákan náà ni a ń pe èyí tí ń jó, èyí tí ń tàn, àti èyí tí ń gbé ènìyàn ní iná. Bí ọmọṣẹ́ bá yọ bátìrì kékeré, rédíò yóò dákẹ́, iná iwájú yóò kú. Ṣùgbọ́n iná ṣì wà nínú bátìrì ńlá, ó sì lè wà nínú àwọn ẹ̀yà kan fún ìṣẹ́jú mélòó kan sí i. Ìwé ilé iṣẹ́ a máa sọ iye ìṣẹ́jú tí a ó fi dúró, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, Yorùbá sì ni ọ̀gá fi ń kọ́ ọmọṣẹ́. Ògbufọ̀ tí ó bá kọ "yọ bátìrì" lásán ti fi ẹ̀mí ọmọ ọlọ́mọ wewu.

Àwọn onílù kì í ṣi ìyá ìlù mú fún omele. Nítorí náà, mo dábàá ìyá bátìrì fún èyí tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀, àti ọmọ bátìrì fún olóvolt 12. Kí á má sì ṣe sọ pé iná ìyá bátìrì kú, nítorí kì í kú. À ń sé e ni. Ìbéèrè ọ̀gá yóò wá di: "Ṣé o ti sé ìyá bátìrì? Ìṣẹ́jú mélòó ni o ti dúró?"

Ìgúnlẹ̀

Kì í ṣe pé èdè wa kò gbà á. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá, tí a fi ń kọ́ ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ó yẹ kí ọmọṣẹ́ tí ó wà lábẹ́ ọkọ̀ ní Ibafo náà ní tirẹ̀. Kí olúkúlùkù wa mú bébà àti bírò lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí ó sún mọ́ ilé rẹ̀ ní ìsinmi yìí, kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí á sì jọ yẹ̀ ẹ́ wò nígbà tí a bá padà dé.