Wo Ẹ̀yìn Kí O Tó Lọ

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àbúrò mi òṣèré tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipa lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn, gbọ́ tèmi kí o tó sọ pé o ò ṣe mọ́.

Ní 1957, Judi Dench, ọmọ ìlú York, ẹni ọdún 22, ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ eré ní Lọ́ńdọ̀nù ni. Ẹgbẹ́ òṣèré Old Vic ní kó wá ṣe Ophelia nínú eré Hamlet ti Shakespeare. Ẹrù náà wúwo fún ẹni tí kò tíì fi eré jẹun rí! Àwọn oníwèé ìròyìn bù ú kù. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ń múra àtilọ ṣeré ní Amẹ́ríkà, wọ́n gba Ophelia lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n gbé e fún ẹlòmíràn.

Ẹlòmíràn ì bá ti di ẹrù rẹ̀ padà sílé. Judi kò lọ. Ọdún mẹ́rin ló lò nínú ẹgbẹ́ náà, láàárín àwọn ọ̀gá iṣẹ́. Ní 1960, nílé ìṣeré ẹgbẹ́ Old Vic yẹn kan náà, Zeffirelli, olùdarí eré ará Ítálì, fi í ṣe Juliet nínú eré Romeo and Juliet. Ní 1963, ó bá ẹgbẹ́ Nottingham Playhouse wá sí Nàìjíríà, Gánà àti Sàró, ó sì ṣe ìyàwó Macbeth níwájú àwọn èèyàn wa. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí èyí.

Nítorí náà, ìwọ náà wo ẹ̀yìn bí àgbà, kí o bi ara rẹ léèrè: kí ló gbé mi ṣubú? Ṣé ohùn mi ni kò dé ẹ̀yìn gbọ̀ngàn? Ṣé èémí ló tán kí ọ̀rọ̀ tó parí? Àbí mò ń ka ohun tí kò yé mi? Má bi ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn rẹ. Àánú rẹ á ṣe é. Àgbà tó ti pẹ́ lórí ìtàgé ni kí o bi, kí o sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Ìṣubú yẹn kò dá Judi dúró: ó ti pé ẹni 60 ọdún kó tó di ọ̀gá James Bond nínú fíìmù ní 1995. Ní 1999 ló gba Oscar, fún ipa tí kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ lọ. Ojú rẹ̀ ti wá di bàìbàì, kò lè ka ìwé eré mọ́. Ẹlòmíràn ló wá ń kà á sí i létí, tó sì ń tún un kà títí Judi fi mọ̀ ọ́n lórí.