Ẹ Yẹ Ìwé Dókítà Yín Wò: Ẹ̀kọ́ Láti Ìlú Kánò

Ẹni tó bá gba òpópónà Zoo Road kọjá nílùú Kánò, tàbí tó yà sí Sabon Gari níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń gbé láti ayé ìjọba amúnisìn, yóò rí i pé pátákó ilé ìwòsàn aládàáni kò wọ́n níbẹ̀. Wọn a kọ orúkọ dókítà sára pátákó náà, wọn a sì to oríṣiríṣi lẹ́tà tẹ̀lé e. Òbí tó gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná wọlé kì í sábà béèrè ohun tí àwọn lẹ́tà wọ̀nyí dúró fún. Kì í sì í béèrè bóyá ẹlòmíràn ń sanwó fún dókítà náà yàtọ̀ sí aláìsàn. Ìbéèrè méjèèjì ní ìdáhùn, dé àyè kan, nínú àwọn ìwé tí ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti rí. Ìlú Kánò kan náà ni gbogbo ayé sì ti kọ́ bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ti ṣe pàtàkì tó.

Ní ọdún 1996, àrùn yírùnyírùn, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní sankarau, jà rànyìn ní àríwá Nàìjíríà, ó sì pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ilé-iṣẹ́ apoògùn Pfizer ti Amẹ́ríkà wá sí ilé ìwòsàn àwọn àrùn àkóràn ní Kánò, wọ́n sì dán oògùn tuntun kan, Trovan, wò lára àwọn ọmọdé. Ọmọ 200 ni wọ́n kó sínú ìdánwò náà: 100 gba Trovan, 100 yòókù gba ceftriaxone tí àwọn dókítà ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọmọ 11 ló kú, 5 nínú àwọn tó gba Trovan, 6 nínú àwọn tó gba èkejì. Àwọn ẹbí sọ pé àwọn ọmọ mìíràn di abirùn, àti pé ẹnikẹ́ni kò ṣàlàyé fún àwọn pé ìdánwò ni wọ́n ń ṣe. Pfizer ní tirẹ̀ sọ pé àwọn òbí fi ẹnu yọ̀ǹda, àti pé àrùn ló pa àwọn ọmọ náà, kì í ṣe oògùn òun.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé fi ọkàn sí ni ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà tú síta. Pfizer ní lẹ́tà kan lọ́wọ́, lórí bébà ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ Aminu Kano, tó sọ pé ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìlànà ìwádìí ti fọwọ́ sí iṣẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i ni 28 oṣù kẹta ọdún 1996. Ìwé ìròyìn Washington Post, tó ti ń tú ọ̀ràn náà wò láti ìparí ọdún 2000, rí i pé irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tíì sí ní ilé ìwòsàn náà lọ́jọ́ yẹn. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2001, dókítà ọmọ Nàìjíríà tó ṣáájú ìdánwò náà sọ fún ìwé ìròyìn ọ̀hún pé wọ́n fi ọjọ́ àtijọ́ sí lẹ́tà náà ni, àti pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọdún kan lẹ́yìn ìdánwò ni wọ́n kọ ọ́. Ènìyàn kò nílò láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn kó tó lè fi ọjọ́ méjì wéra.

Ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ parí ìròyìn tirẹ̀ ní ọdún 2001, ó sì pe ìdánwò náà ní èyí tí kò bá òfin mu. Ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni ará ìlú tó gbọ́ ohun tó wà nínú rẹ̀, ìwé ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè kan náà ló sì tún gbé e jáde. Ọdún márùn-ún gbáko ni àwọn òbí fi wà láìmọ ohun tí ìjọba wọn ti mọ̀. Ní ọdún 2009 ni Pfizer àti ìpínlẹ̀ Kánò parí ẹjọ́ wọn lórí mílíọ̀nù 75 dọ́là, láìjẹ́ pé ilé-iṣẹ́ náà gba ẹ̀bi. Àwọn ẹbí mẹ́rin àkọ́kọ́ gba 175,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọdún 2011. Kí ó tó dìgbà náà, ìfura ti ba nǹkan mìíràn jẹ́: nígbà tí Kánò dá àjẹsára rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dúró ní ọdún 2003, ọ̀rọ̀ Trovan wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Báwo wá ni ẹni tí kì í ṣe oníròyìn ṣe lè yẹ ìwé dókítà tirẹ̀ wò? Ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ MDCN, tó ń forúkọ àwọn dókítà sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí orúkọ wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò tó. Dókítà gbọ́dọ̀ máa sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún. Nítorí náà, ẹ béèrè ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀. Ẹ má sì yára pe ẹnikẹ́ni ní ayédèrú: dókítà obìnrin lè ti forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó máa fi orúkọ ọkọ ṣiṣẹ́. Bí ó bá pe ara rẹ̀ ní ògbóǹtarìgì nínú ìtọ́jú ọmọdé tàbí iṣẹ́ abẹ, ẹ béèrè kọ́lẹ́ẹ̀jì tó fún un ní oyè náà. Ní ti ilé ìwòsàn aládàáni fúnra rẹ̀, àjọ PHIMA ló ń forúkọ wọn sílẹ̀ ní Kánò, bí HEFAMAA ti ń ṣe ní Èkó.

MDCN tún ní ilé ẹjọ́ tirẹ̀ tó ń gbọ́ ẹ̀sùn ìwà àìtọ́. Ó lè bá dókítà wí, ó lè dá a dúró fún àkókò tí kò ju oṣù mẹ́fà lọ, ó sì lè yọ orúkọ rẹ̀ kúrò pátápátá. Bí dókítà bá sì ní kí ọmọ yín kópa nínú ìwádìí, ẹ ní kó fi ìwé ìfọwọ́sí ìgbìmọ̀ ìlànà ìwádìí hàn yín. Òfin Ìlera ti ọdún 2014 ti fi ìdí irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ múlẹ̀ ní Nàìjíríà. Ẹ wo ọjọ́ orí rẹ̀ dáadáa.

Ọ̀rọ̀ owó ló ṣòro jù. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 2010 pàṣẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ apoògùn máa jábọ̀ ohun tí wọ́n bá fún dókítà: oúnjẹ, owó ìrìnàjò, owó ìmọ̀ràn, owó ìwádìí. Láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2014 ni gbogbo ènìyàn ti lè wo àkọsílẹ̀ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì ìjọba tí wọ́n ń pè ní Open Payments. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Houston tàbí Chicago lè fi orúkọ dókítà yín wá a níbẹ̀. Ní Bírítéènì, Disclosure UK bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, ṣùgbọ́n dókítà lè kọ̀ kí wọ́n má dárúkọ òun. Gbígba owó kì í ṣe ọ̀ràn, àwọn dókítà gidi wà nínú àkọsílẹ̀ náà. Síbẹ̀, ìwádìí kan tó jáde nínú ìwé JAMA Internal Medicine ní ọdún 2016 fi hàn pé àwọn dókítà tó jẹ oúnjẹ ẹyọ kan péré lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ apoògùn ń kọ oògùn ilé-iṣẹ́ náà ju àwọn tí kò jẹ ẹ́ lọ. Ìwádìí náà kò sọ pé oúnjẹ ló fà á, ṣùgbọ́n ó tó kí aláìsàn béèrè bóyá oògùn mìíràn tí owó rẹ̀ kéré wà.

Nàìjíríà kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Ohun tó sún mọ́ ọn jù lọ ni Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè kọ̀wé sí ilé ìwòsàn ìjọba kí ẹ béèrè ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe onígbọ̀wọ́ ìwádìí tó ń lọ níbẹ̀ àti iye tó san. Ẹ kò ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè, ṣùgbọ́n wọn kò ní fi ìwé aláìsàn mìíràn hàn yín. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un. Ẹ ṣe ẹ̀dà méjì, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sórí èyí tí ẹ máa mú lọ sílé, nítorí ọjọ́ tí wọ́n bá gba lẹ́tà náà ni kíkà yóò ti bẹ̀rẹ̀.